Káfíńtà Tó Ní Ẹni Gíga Kì Í Kú

Ojú tó rí díẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ sọ púpọ̀, àìsàn ńlá ni. Òun ló ṣe káfíńtà kan tí àdúgbò ń pè ní Mo-ti-mọ̀. Bí ó bá ti rí nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di òfin lójú rẹ̀ nìyẹn.

Pósí ni ó ń kàn. Láti ìgbà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, òkú márùn-ún péré ni ó wọ̀n, gbogbo wọn sì jẹ́ ènìyàn kúkúrú. Kò bi àwọn tó ti ń kan pósí ṣáájú rẹ̀ léèrè ohunkóhun. Nígbà tí pákó dé kẹ́yìn kí òjò tó dí ọ̀nà, ó ní ìwọ̀n kúkúrú ni òun yóò gé gbogbo rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀, pákó yìí nìkan ni àdúgbò yóò fi sin òkú títí ọ̀nà yóò fi là.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ láìgé. Ẹni gíga náà ń kú.”

“Ta ló gùn nínú àwọn tí mo wọ̀n? Dárúkọ ẹyọ kan!”

“Ẹni márùn-ún péré lẹ rí.”

“Kò sì sí gíga kankan níbẹ̀. Òdo ni! Ṣé òdo ni kí n wá fi pákó pamọ́ fún?”

Bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Mo-ti-mọ̀ gbé ayùn, ó gé e tán pátápátá.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òjò kò tíì dáwọ́ dúró tí bàbá ìyàwó rẹ̀ fi kú. Ọkùnrin náà gùn bí òpó iná. Ojoojúmọ́ ni Mo-ti-mọ̀ ń rí i, ṣùgbọ́n kò kà á mọ́ ìṣirò rẹ̀, torí pé kò tíì kú!

Wọ́n tẹ́ bàbá sínú pósí tó gùn jù, orúnkún rẹ̀ yọ sókè bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ìdérí kọ̀, kò dé. Mo-ti-mọ̀ yọ pákó tó dí apá ẹsẹ̀ kúrò, ẹsẹ̀ méjèèjì sì jáde síta gbangba.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ wò ó. “Ọkọ ọmọ mi, ṣé bàbá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ ni, tí o fi yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ síta?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò wọn irú wọn rí ni.”

“O ò wọn irú wọn rí! Ta ló máa ń forí gbá àtẹ́rígbà rẹ?”

Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Wọ́n lọ tú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n pe káfíńtà mìíràn, ó sì fi ilẹ̀kùn náà kan pósí tó gba bàbá. Òjò wọ ṣọ́ọ̀bù, gbogbo pákó kúkúrú náà wú, wọ́n sì lọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí Mo-ti-mọ̀ wọn òkú òun mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ kọ́gbọ́n. Ohun tí a kò rí láàárín ìwọ̀nba díẹ̀ kì í ṣe ohun tí kò sí. Ẹni tó bá rí díẹ̀, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí kò tíì rí. Bí àyè náà tilẹ̀ kéré, kí ó ṣáà wà. Bí ó bá sì ń rí sí i, kí ó máa tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá fi márùn-ún ṣòfin fún gbogbo ayé, ìtìjú ni yóò bá a parí ìṣirò náà.