Orúkọ Mi Kọ́ Ni Mehru

Bàbá Lutfi ló ń ṣọ́ ibojì wòlíì wa létí odò Indus.

Kì í ṣàdúrà fún oníkọ́ ife tí kò bá tíì lo oògùn ọsibítù.

Ojú ẹ̀ báyìí lo ti máa gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló máa ṣàdúrà sí okùn dúdú ọrùn ọwọ́ ẹ, tó máa ta kókó kan sí i. Bẹ́ẹ̀ lojoojúmọ́, fún oṣù mẹ́fà.

Lónìí, ara ìyá ọkọ mi ò gbà á mọ́.

"Bàbá, ṣé àlùfáà ni yín àbí nọ́ọ̀sì? Àdúrà la wá gbà. Àbí tiyín ò lágbára mọ́ ni?"

Oògùn pupa náà ti sú èmi náà. Mo kàn dì í mọ́wọ́ ni.

"Mehru, gbé e mì," ni bàbá wí.

"Sabiha ni mí, Bàbá."

Gbogbo aláìsàn ló ń pè bẹ́ẹ̀, àtọkùnrin àtobìnrin. A ní ó ti ń ṣarán.

Ìyá ọkọ mi nawọ́ sí tírà ọrùn Bàbá. "Ẹ kúkú bọ́ tiyín fún un. Ó jọ pé ìyẹn ló ń jẹ́."

Bàbá bọ́ ọ. Ó tú awọ rẹ̀.

Kò sí ẹsẹ Kùránì kankan nínú ẹ̀.

Oògùn mẹ́ta ni, pupa bíi tèmi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìyẹ̀fun.

"Ọwọ́ ọmọ mi ni mo ti já a gbà. Ó ní, 'Bàbá, ẹ jẹ́ n lò ó.' Mo ní àdúrà mi ti tó."

Ó na ife omi sí mi.

"Mehru, jọ̀ọ́, gbé e mì."

"Mo ti gbé e mì, Bàbá," ni èmi Mehru dáhùn.