Fóònù Tí Esther Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ kọkàndínlógún tí Esther ti kúrò nílé ni Dáníẹ́lì gbé fóònù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jàfárù ní Akówọnjọ. Sítíkà ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà lẹ́yìn fóònù, láti ọjọ́ tí Esther gbé e lọ tún ojú ibi tí wọ́n ń ki ṣájà sí ṣe. Ìyẹn ló gbé Dáníẹ́lì débẹ̀.

Lọ́dún 2014 yẹn, òkìkí Jàfárù ti kàn dé Ẹgbẹ́dá. Bí iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù bá ti pa á tì, Jàfárù a yọ ètò tí wọ́n fi bí i kúrò, a fi òmíràn sí i, irú èyí tí àwọn ọ̀mọ̀ràn káàkiri ayé jọ ń kọ, tí wọ́n ń fi tọrẹ, tí ẹnikẹ́ni sì lè tú inú rẹ̀ wò kó tún un ṣe. Àwọn aládùúgbò ò mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé fóònù tó ti kú ń jí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Á tàn, á gbé orúkọ iléeṣẹ́ síta, á wá dúró síbẹ̀," Dáníẹ́lì wí. "Ìyàwó mi ló ni ín."

Jàfárù gba fóònù náà, ó fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀ tó ti là.

"Kí ló ṣe é, ẹ̀gbọ́n?"

"Ó já lulẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, jàre. Ṣé o lè ṣe é àbí o ò lè ṣe é?"

Dáníẹ́lì kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Esther lọ, nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà ní Ìpájà. Ó yọ síìmù lọ, ó fi fóònù sílẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní àwọn ò rí i. Ìjọ ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Dáníẹ́lì fúnra rẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan pákó láti ọjọ́ náà. Òòlù ti ṣì í lù lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó wú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà ni.

Ó fẹ́ràn Esther. Ẹni tó bá ní kò fẹ́ràn rẹ̀, irọ́ ni onítọ̀hún ń pa. Òun ló ra fóònù náà fún un, òun ló sì ń bá a yẹ inú rẹ̀ wò ní alaalẹ́, torí ayé ti bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí Esther máa lọ ló ṣàdédé fi pásíwọ́ọ̀dù tì í.

"Ẹni tó pè kẹ́yìn ni mo fẹ́ mọ̀," ó wí. "Tí mo bá ti rí nọ́ńbà yẹn, mo ti rí ìyàwó mi nìyẹn."

"Tí ẹ bá wá rí wọn ńkọ́?"

"Á padà sílé ni! Àbí ibo tún ni ilé ẹ̀?"

Jàfárù ní ètò inú fóònù náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ti ọ̀fẹ́ yẹn ni òun máa fi sí i. Ó ní kó fi sílẹ̀ kó padà wá lọ́la.

Dáníẹ́lì rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá fi fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣẹ́, bátìrì ẹlẹ́mìí kúkúrú ló máa gbé lọ sílé? Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó jókòó, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti Jàfárù. Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Bí Jàfárù bá na ọwọ́ yún imú, Dáníẹ́lì ti na ọrùn.

Ṣùgbọ́n Jàfárù kò tú ẹ̀yìn fóònù rárá. Ó fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ lẹ́tà lọ. Ọkàn Dáníẹ́lì balẹ̀. Kò sí nǹkan tó jáde nínú fóònù, kò sì sí èyí tó wọlé.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ kún ojú fóònù. Ní ìsàlẹ̀, Yes wà, No wà. Jàfárù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ṣé ká ṣí òun. Bí a ò bá ṣí i, tuntun ò lè wọlé."

"Ṣí i ná."

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́."

Dáníẹ́lì tẹ Yes.

Nígbà tí orí róbọ́ọ̀tì búlúù kan yọ lójú fóònù, tí gbogbo rẹ̀ sì ṣí geere, "Ògo!" tó jáde lẹ́nu Dáníẹ́lì mú kí àwọn èrò ìta yíjú. Ó já fóònù gbà. Ó tẹ ibi ìpè: òfìfo. Ó tẹ ibi àtẹ̀jíṣẹ́: òfìfo. Àwòrán ìgbéyàwó wọn pàápàá kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Jàfárù, nǹkan inú ẹ̀ dà?"

"Ó ti lọ, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ ni gbogbo ẹ̀ parẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"O ò sọ fún mi!"

"Mi ò sọ."

Ọwọ́ Dáníẹ́lì gbéra, ó dúró lókè. Àwọn obìnrin méjì tó ń ra káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ń wò ó. Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó jókòó, ó sì sunkún bí ẹni tó sin òkú ọmọ. Kò sí ẹni tó rí i níbẹ̀ tí àánú rẹ̀ kò ṣe. Obìnrin kan bá a fọwọ́ gbá ẹ̀yìn, ó ní Ọlọ́run á dá ìyàwó rẹ̀ padà.

"Ṣé kò sẹ́ni tó lè gbà á padà láyé yìí ni?"

"Kò sí."

Jàfárù kò gba kọ́bọ̀. Dáníẹ́lì ki fóònù sápò, ó sì lọ, ó sorí kọ́.

Jàfárù dúró lẹ́nu ọ̀nà títí kò fi rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, ó wá pe màmá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún Esther pé nọ́ńbà tòun àti tiwọn ò sí nínú fóònù yẹn mọ́, kó jọ̀ọ́, kó má sunkún mọ́, kí ojú kan ṣoṣo tí Dáníẹ́lì fi sílẹ̀ fún un lè ráyè jinná.