Àyìnkẹ́, Ọmọ Akàn, àti Fíìmù Ẹkún

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má ṣe bí ẹni tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tó ní òun ti yó. Ẹni tó bá sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀, kó rọra rẹ́rìn-ín, mi ò dárúkọ rẹ̀.

1.
Aránṣọ ni Àyìnkẹ́ ní Ìfànyìn, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbi tí Faransé ti ń yọ́ wọnú Yorùbá. Bó bá rán bùbá fún ìyá arúgbó, ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri níwájú dígí bí ọmọge. Ó tún ní àfẹ́sọ́nà gidi, Àbdùlàzéèzì tó ń ta pákó, tí kì í pariwo, tí kì í sì í purọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ni obìnrin tún ń wá? Ẹ̀yin náà ẹ bi í.

Fóònù ló kó bá a. Màdáàmù Odile kan, tí ẹnikẹ́ni ò fojú rí rí, ń kọ ọ́ sórí Wásáàpù láràárọ̀ pé ibi tí òṣùpá wà lójú ọ̀run lọ́jọ́ tí wọ́n bí èèyàn ló ń darí inú rẹ̀. Ó pín gbogbo ayé sí méjìlá: ọmọ Àgbò, ọmọ Kìnnìún, ọmọ Àkekèé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Á sọ bí inú oníkálukú ṣe máa rí lọ́jọ́ náà, á sì yan fíìmù tó bá inú ọ̀hún mu. Àyìnkẹ́ fi ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ránṣẹ́, tòun ti ọdún, bó ṣe wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Èsì dé: "Ọmọ Akàn ni ọ́. Ẹkún kì í jìnnà sí ojú rẹ."

Ẹ gbà mí! Ọmọ tó ń jẹ àkàsà mẹ́rin láìmí, tó ń rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò á fi bínú! Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹlẹ́kún.

2.
Bí Màdáàmù bá ní ọmọ Akàn á fura lónìí, kó wo fíìmù obìnrin tí ọkọ dalẹ̀ rẹ̀, Àyìnkẹ́ á wò ó tán, á pe Àbdùlàzéèzì.

"Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Pákó ni."

"Pákó wo?"

"Ìrókò ni. Ṣé kí n gbé fóònù fún un, kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀?"

Sadatou, tí wọ́n jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́. "Mé, àmọ́ Àyìnkẹ́, sọ fún òṣùpá rẹ kó wá rán ṣòkòtò Àlájì tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀."

"Ọmọ Kìnnìún ni ẹ́. Kò lè yé ẹ."

"Dákọ̀, ó dáa. Kìnnìún ti gbọ́."

3.
Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ẹbí Àbdùlàzéèzì wá tọrọ ọmọ nílé àwọn Àyìnkẹ́ ní Lagbé. Àgbà mọ́kànlá, abọ́ obì kan. Níbẹ̀, wọn kì í la obì ìtọrọ àfi kí ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ jáde, kó kúnlẹ̀, kó sì ní, "Mo gbà." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí Màdáàmù kọ láàárọ̀ yẹn rèé: "Ọmọ Akàn, inú rẹ wúwo lónìí. Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ti ilẹ̀kùn, wo fíìmù ẹkún."

Àyìnkẹ́ ti ilẹ̀kùn. Nínú fíìmù náà, ìyá kan ń kú díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko. Àwọn àlejò ń gbọ́ ẹkún láti ìta.

Hàsíátù, ìyá rẹ̀, kan ilẹ̀kùn. "Àyìnkẹ́, àwọn àgbà ń dúró o!"

"Màmá, òṣùpá mi ò gbà. Ẹ ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Kí ni kí n wí fún wọn? Pé òṣùpá ò sí nílé?"

Bàbá ọkọ dúró títí. Ẹkún ò dá. Ó dìde. "Ọmọ tó ń sunkún báyìí kò fẹ́ wa. A kì í fi ipá so yìgì." Wọ́n gbé obì wọn. Obì tó wọlé tó tún jáde! Gbogbo Lagbé ti gbọ́ kí wọ́n tó dé títì.

4.
Fíìmù parí. Àyìnkẹ́ jáde, ojú rẹ̀ wú bí búrẹ́dì inú omi.

"Ta ló sọ fún ọ pé oṣù keje la bí ọ?" Hàsíátù bi í.

"Ó wà nínú ìwé ìbí mi."

"Ìwé ìbí wo? Ìgbà tó o fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé kẹfà ni wọ́n béèrè ìwé, a ò ní. Olùkọ́ yín, Músíyè Jósẹ́fù, ló bá wa mú ọjọ́ kan. Ọmọ mẹ́rìnlá ló fún ní ọjọ́ yẹn kan náà! Inú ọyẹ́ la bí ọ, nígbà tí ètè gbogbo wa ń là."

Àyìnkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọmọ kí wá ni mí?"

"Ọmọ Hàsíátù ni ọ́."

Ó sáré lọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá ọkọ ní àwọn kì í gbé obì kan náà lọ sílé kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ọdún tó yí po, Àbdùlàzéèzì ti so yìgì. Pẹ̀lú ta ni? Sadatou, Kìnnìún tó ti gbọ́. Ta ló rán aṣọ ìyàwó? Àyìnkẹ́ ni, ó sì rán an tó fi jẹ́ pé ènìyàn mẹ́fà wá gbé aṣọ tiwọn fún un níbẹ̀ pé kó bá àwọn rán.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó náà, Màdáàmù ti kọ ọ́ pé, "Ọmọ Akàn, ìgbéyàwó aláyọ̀ wà níwájú rẹ lónìí. Wo fíìmù ìfẹ́." Àyìnkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́ tó ń bí aládùúgbò nínú. Ó pa Màdáàmù rẹ́ kúrò lórí fóònù, ó lọ jẹ àkàsà mẹ́rin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jí, tí ẹ kọ́kọ́ ń bi fóònù bóyá inú yín dùn, mò ń bá yín wí o. Kẹ́ ẹ tó gba òṣùpá gbọ́, ẹ bi ìyá yín léèrè ẹni tó mú ọjọ́ ìbí yín. Fíìmù á dúró dè yín, ẹbí ọkọ kì í dúró. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ Akàn tẹ́ ẹ mọ̀, àti àwọn mẹ́tàlá yòókù tí Músíyè Jósẹ́fù bí lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹkún bá sì di dandan, ẹ la ojú sílẹ̀: bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.