Ògiri Orí Afárá

Kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé afárá, nítorí ibẹ̀ ni àga pọ̀ sí jù. Àwọn àgbàlagbà ká eékún sábẹ́ tábìlì àwọn ọmọdé. Ẹnjinníà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀nà rán wá, lẹ àwòrán afárá mọ́ pátákó ìkọ̀wé, ó sì ní kí oníkálukú sọ ohun tó ń fẹ́.

Afárá ti gbó. Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà, ọ̀dà ojú rẹ̀ ti bó, ẹlẹ́sẹ̀ àti ọkọ̀ sì jọ ń du ọ̀nà kan náà. Wọn yóò tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò ní fẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá mọ ògiri láti pààlà fún ẹlẹ́sẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni yóò máa kọjá lẹ́ẹ̀kan, èkejì á dúró dè é. Bí wọn ò bá mọ ọ́n, ọkọ̀ á máa pàdé lórí afárá bí wọ́n ṣe ń pàdé tẹ́lẹ̀.

"Ká máa dúró de ara wa kẹ̀?" Alága àwọn awakọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Kí n tó kọjá, ìyàwó mi á ti fẹ́ ọkọ mìíràn."

"Yóò kúkú sinmi," mẹkáníìkì dá a lóhùn láti ẹ̀yìn.

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí aránṣọ wọlé, obìnrin tí orí rẹ̀ ti ń funfun, tí téèpù ìwọnṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o."

Àwọn kan dáhùn. Ó jókòó sí àga tó wà ní kọ̀rọ̀. Àga náà gba èèyàn mẹ́ta, àwọn kan sì wà lórí ìdúró, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ bá a jókòó. Ẹnjinníà rí i.

Nígbà tó kọ́kọ́ wá wọn afárá, àwọn obìnrin àdúgbò ti sọ fún un pé, "Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá níbẹ̀. Ọmọ kékeré." Wọn ò sọ ọmọ ta ni. Òun náà ò bèèrè, nítorí a kì í tú irú egbò bẹ́ẹ̀ wò.

Aránṣọ nawọ́ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Oníbúrẹ́dì, tó fara ti ilẹ̀kùn, yí padà, ó jáde. Ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn.

"Ògiri ni mo fẹ́," aránṣọ wí. "Ẹ mọ̀ pé àárín afárá yẹn ga. Ẹni tó bá ń wakọ̀ gùn ún kò lè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ bọ̀ ní ìdàkejì, àfi tó bá dé orí pátápátá. Kó tó tẹ bíréèkì, ó ti pẹ́ jù. Bí òjò bá tún wá rọ̀..."



"Màmá, ta ló kọ́ yín ní mọ́tò?" alága awakọ̀ bi í.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága fúnra rẹ̀ wolẹ̀. "Ẹ má bínú, màmá. Ẹnu mi ló yọ̀."

"Kò burú. Mi ò mọ̀ ọ́n wà. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni."

"Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rọra wakọ̀, kí ló fẹ́ fi ògiri ṣe?" mẹkáníìkì wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Gbogbo awakọ̀ ló rò pé òun ń rọra, bàbá."

Ó dìde lórí àga, ó sì kúnlẹ̀ sí àárín kíláàsì.

"Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní ohun mìíràn tí mo lè ṣe mọ́."

"Háà! Ẹ gbé e dìde," àwọn obìnrin ń wí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnì kan tó dìde lọ bá a. Ẹnjinníà ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú.

Nígbà tó tó àkókò, ẹnjinníà ní kí àwọn tó fẹ́ ògiri nawọ́. Àwọn obìnrin kọ́kọ́ nawọ́, mẹkáníìkì tẹ̀ lé wọn. Àwọn awakọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Fèrèsé ni wọ́n ń wò. Oníbúrẹ́dì ò yíjú padà, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ ròkè díẹ̀díẹ̀. Alága awakọ̀ náà nawọ́, àwọn tó kù sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé, ẹnjinníà bá aránṣọ ní ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Mo gbọ́ nípa ọmọ náà. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Aránṣọ wò ó pẹ́. "Ẹ ṣé, ọmọ mi."

"A lè kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri, bí ẹ bá fẹ́."

"Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ìyẹn. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde."

"Kò burú, mà. Ṣé kí n fi ọkọ̀ gbé yín délé?"

"Òdìkejì odò ni mò ń lọ. Mo fẹ́ lọ sọ fún ọmọ mi."

Ẹnjinníà mọ itẹ́ òkú tó wà lódìkejì. Ó di aránṣọ lọ́wọ́ mú.

Aránṣọ fẹsẹ̀ rìn gun afárá. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, á dúró, á fara mọ́ irin, ó di ìgbà tó bá kọjá kó tó tún gbẹ́sẹ̀.

Ó kọjá itẹ́ òkú láì yà síbẹ̀, ó wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà níwájú, ó jókòó ní yàrá àlejò níwájú wáyà tó pààlà àárín òun àti ọmọkùnrin rẹ̀, ó sì sọ fún un pé wọ́n ti gbà, pé láti ìsinsìnyí lọ, awakọ̀ tó bá gun afárá yẹn bí ọmọkùnrin náà ṣe gùn ún lọ́jọ́ tó pa ọmọ oníbúrẹ́dì, ògiri ni yóò gbá, kì í ṣe ọmọ ọlọ́mọ.