Yàrá Kẹsàn-án

Ìwé ìkésíni sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ò fọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá. Kí olúkúlùkù mú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, tọ́ọ̀ṣì àti áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tirẹ̀ wá. Ẹnì kan ni yóò sùn sí yàrá kan. Bí iná bá lọ, kí wọ́n tilẹ̀kùn, kí wọ́n má ṣí i fún ẹni tó bá fi orúkọ pè wọ́n, torí nọ́ńbà yàrá ni òṣìṣẹ́ ilé ìbùwọ̀ ibẹ̀ fi ń pe èèyàn.

Morẹ́nikẹ́, nọ́ọ̀sì tó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn sáyẹ́ǹsì, fi ìwé náà rẹ́rìn-ín. Bó ṣe tẹ́ ibùsùn yàrá kẹsàn-án tán báyìí ni iná lọ.

"Morẹ́nikẹ́, ṣílẹ̀kùn."

"Ìwọ ta ni? Nọ́ńbà yàrá ni òṣìṣẹ́ ń pè. Lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ dáadáa kóo tó wá."

Àáké ló dá a lóhùn. Ó ń la ìlẹ̀kùn títí ó fi lu, ọwọ́ gígùn kan sì wọlé, ó ń wá kọ́kọ́rọ́. Morẹ́nikẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù, ó fọ́ àwọn ìka náà mọ́ pákó, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí eegun fi ń ró. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. Ọwọ́ náà rọra fà sẹ́yìn, ìta sì pa rọ́rọ́.

"Lọ fi han ìyá ẹ," ló wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ibùsùn dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ti ga sókè bí ẹni tó jókòó, ohùn kan náà sì jáde lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Yàrá kẹsàn-án. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo pè é dáadáa báyìí?"