Ọmọ Tí Ikúmápàyí Gbé Jáde

Ìwé ètò ayẹyẹ náà dé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ikúmápàyí ló wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé pépà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ó gé ìdì àkọ́kọ́, ó mú ẹyọ kan, ó wò ó bóyá etí rẹ̀ gún, ó sì rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò ní Bàrígà fẹ́ dá a lọ́lá ní ọjọ́ Sátidé, nítorí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti fi ń bá wọn pa iná láìgba kọ́bọ̀. Ó ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni èyí tí wọ́n kọ sí ìlà karùn-ún: pé Mofẹ́olúwa, ọmọ tó gbé jáde nínú iná nígbà tó wà ní jòjòló, ni yóò gbé àmì-ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́.

Ó pa ẹ̀rọ. Ó ti ìwé náà bọ àpò, ó lọ bá Àyúbà, alága àdúgbò, nílé.

"Alága, ẹ bá mi yọ ìlà karùn-ún kúrò."

Àyúbà rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé? Ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ wá. Ó ní òun fẹ́ dúpẹ́ níwájú gbogbo èèyàn."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá rẹ̀ ò tíì fèsì. Àbí ojú ń tì yín ni?"

Ikúmápàyí dìde, ó gba ilé lọ.

Ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, ní ọ̀sán gangan, sítóòfù bú gbàù nínú ilé kan létí ọ̀sà. Obìnrin méjì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú ilé náà. Morọ́láyọ̀ ń gbé yàrá ọwọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ tó ṣáájú ló gbọ́mọ dé láti ọsibítù. Ọkọ rẹ̀ tó ń wa tírélà ò tíì ti Kánò dé, kò sì tíì fojú kan ọmọ náà. Oyèbísí ń gbé yàrá ọwọ́ òsì. Morọ́láyọ̀ jáde lọ pọnmi. Nígbà tó fi máa padà, iná ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọmọ mi!" ló ń ké. "Ọwọ́ ọ̀tún! Ọwọ́ ọ̀tún!"

Ikúmápàyí da omi sára, ó wọlé. Òrùlé ọwọ́ ọ̀tún ti wó, kò sì sí ìró kankan lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló ti gbọ́ igbe. Oyèbísí ti kú, ó dojú bo ọmọ rẹ̀. Ikúmápàyí fa ọmọ náà yọ lábẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ wé e. Bó ṣe yọ síta báyìí ni Morọ́láyọ̀ já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un mọ́ àyà. Ikúmápàyí fẹ́ sọ̀rọ̀, èéfín ò jẹ́. Ọsibítù ló lajú sí.

Ní ọjọ́ kẹta, ó lọ bá Morọ́láyọ̀ ní ilé ìbátan rẹ̀ ní Palmgrove. Ó bá a níbi tó ti ń wẹ ọmọ. Àwọn obìnrin ilé náà ń ṣàròyé pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Bó ṣe rí Ikúmápàyí, ó fi aṣọ bo ọmọ, ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ má sọ nǹkan kan. Ohun tí ẹ ṣe fún mi, mo mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà kú sí Ikúmápàyí lẹ́nu. Ó rò ó pé ọmọ tuntun jọra, pé obìnrin náà ò lè dá a mọ̀, pé bí òun bá là á, ẹkún nìkan ló máa kù. Ó padà sílé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tí iná ti sọ ní Bàrígà tí kì í kọ́kọ́ dé. Morọ́láyọ̀ ò padà sí àdúgbò mọ́. Gbogbo Kérésì ló ń fi ìrẹsì àti òróró ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n kò mú ọmọ náà wá rí.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ikúmápàyí lọ ra ẹja ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Bàrígà. Ọ̀dọ̀ ìyá Oyèbísí ló ti máa ń rà á.

"Wọ́n ní wọ́n fẹ́ yẹ́ ọ sí," ni arúgbó náà wí. Ó rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn. "Mò ń bọ̀ o. Iwájú ni mo máa jókòó."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Ìyá. Oòrùn máa mú."

"Oòrùn kẹ̀? Ọmọ mi bá iná lọ, ọmọ-ọmọ mi bá a lọ. Èyí tó yè nínú ilé yẹn, mo fẹ́ fojú ara mi rí i." Ó ń di ẹja náà. "Mi ò bínú sí ọ. Èèyàn kan ò lè wọ yàrá méjì lẹ́ẹ̀kan náà."

Ikúmápàyí dé ilé kó tó rántí pé òun ò gbé ẹja náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó kan ilẹ̀kùn ní Palmgrove. Mofẹ́olúwa ló ṣí i. Ó kígbe "Bàbá mi!", ó kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Èjí náà wà lẹ́nu tirẹ̀.

Morọ́láyọ̀ jáde láti inú yàrá. Ó wo Ikúmápàyí, ó wo ọmọ. "Mofẹ́, lọ bá wa ra mínírà wá."

Ọmọbìnrin náà lọ.

"Ìyá Mofẹ́, ẹ má jẹ́ kó lọ síbẹ̀ lọ́la."

"Mo ti sọ fún un. Kò gbà."

"Ẹnì kan máa wà níbẹ̀ tó máa dá a mọ̀. Ẹ dárí jì mí. Yàrá ọwọ́ òsì ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi, ọmọ Oyèbísí ni. Ìyá Oyèbísí ṣì wà láyé, ó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi tàn yín."

Morọ́láyọ̀ dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó padà wá jókòó. Wọ́n ń gbọ́ ohùn Mofẹ́olúwa níta, ó ń kí àwọn ará ilé kejì.

"Ẹ ò tàn mí, Bọ̀dá," ni ó wí. "Ọkùnrin ni èmi bí."