Gíláàsì Kọkànlélógójì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, torí ìsàlẹ̀ pátápátá ni ibi tó dùn mí jù wà.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe férémù fótò. Férémù náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ: ìran ìyá rẹ̀.

Ará etí odò ni ìyá rẹ̀. Àwọn ará etí odò kò pọ̀, èdè wọn yàtọ̀, abúlé kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Nígbà tí ìjọba dí odò láti fi ṣe iná mànàmáná, omi bo abúlé náà mọ́lẹ̀, oníkálukú sì fọ́n ká. Ọdún yẹn náà ni ìyá Férémù kú, ọmọ náà kò tíì mọ ojú rẹ̀. Nílé ìwé, àwọn ọmọ a máa fi èdè àwọn ará odò ṣe yẹ̀yẹ́, Férémù a sì bá wọn rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà fura sí i. Bó ṣe dàgbà nìyẹn. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òun ń fi í júwe ilé ìyá rẹ̀.

Ayàwòrán ni bàbá rẹ̀. Kí omi tó dé, odidi ọdún méjì ló fi ya àwọn ará odò ní fótò, láti ilé dé ilé. Orí gíláàsì ni àwòrán máa ń wà nígbà náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ó fi irin ha nọ́ńbà sí igun gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ó sì kó àwọn gíláàsì náà sínú àpótí. Gbogbo bébà tó tẹ̀ ló bá omi lọ. Gíláàsì nìkan ló kù.

2.
Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí bàbá yìí lè wo àwòrán ìyàwó rẹ̀. Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ fi gbà á, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

Ó ní, "Wá bá mi tẹ ìyá ẹ jáde, kí o mọ ojú ẹ̀."

"Tó bá dọ̀la, bàbá."

Ọ̀la yẹn pé ọdún mẹ́rin. Nígbà tí bàbá ń kú lọ, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Má jẹ́ kí àwọn ará odò tún rì lẹ́ẹ̀kejì."

Férémù ní, "Mo ti gbọ́, bàbá." Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣé gbígbọ́ ló ṣòro ni?

3.
Gíláàsì wá wọ́n lọ́jà. Férémù rántí àpótí bàbá rẹ̀. Ó gbé gíláàsì kan sójú fèrèsé, ó rí irun tó funfun àti eyín tó dúdú, bí àwòrán ṣe máa ń rí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn iwin bàbá mi rèé."

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹ ti wò ó pé kò sí ẹni tí ẹ mọ̀ níbẹ̀?"

"Ta ni mo fẹ́ mọ̀ nínú wọn?"

Ó po sódà mọ́ omi gbígbóná, ó rì wọ́n sínú bàsíà, ó sì ń fi abẹ họ wọ́n. Àwòrán ń ṣí bí awọ tín-ín-rín: apẹja pẹ̀lú àwọ̀n rẹ̀, ìyá tó pọn ọmọ, àwọn arúgbó níwájú ilé. Ó da gbogbo wọn sí gọ́tà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Nọ́ńbà igun wọn nìkan ni kò lọ, ṣùgbọ́n ó kéré, kò bojú jẹ́.

Ó fi àwọn gíláàsì náà sí fótò ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn. Èyí tó mọ́ jù lọ, fótò ara rẹ̀ ló fi sí, ó sì gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

4.
Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá arúgbó kan wọlé. Àbúrò ìyá Férémù ni. Àwọn ará odò ti gba yàrá kan ní ilé ìkàwé, wọ́n fẹ́ gbé ojú àwọn èèyàn abúlé wọn kọ́ síbẹ̀ kí àwọn ọmọ wọn lè mọ ibi tí wọ́n ti wá.

"Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ mi, bàbá ẹ ló fún mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn èèyàn wa dà?"

Férémù gbé àpótí òfìfo síwájú rẹ̀. "Mo ti fọ̀ wọ́n, mà."

"O fọ kí ni?"

"Mo fi wọ́n ṣe férémù."

Ìyá náà kò pariwo. Ó jókòó, ó ṣí ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó dé orí ìkọkànlélógójì, ó fi ìka lé ìlà náà.

"'Ìyàwó mi, pẹ̀lú ọmọ wa lórí itan rẹ̀.' Ìwọ lo wà lórí itan yẹn. Kò sí fótò ẹ̀ mìíràn láyé."

Férémù bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ igun gíláàsì wò káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Ó dé orí fótò ara rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nígun rẹ̀ ni 41.

Ó yọ gíláàsì náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Òpópónà nìkan ló rí. Ó kúnlẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí, mà? Ṣé ó jọ mí?"

Ìyá náà pa ìwé náà dé. "Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Ojú ẹ̀ ti ń kúrò lọ́kàn mi. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín. Tí àgbà kan bá ṣì wà nílé yín, ẹ lọ bi í léèrè lónìí. Ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn fótò. Ẹ má tijú èdè ìyá yín nítorí pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò pọ̀. Ohun tí ẹ bá fọwọ́ ara yín fọ̀ dànù, ẹkún kì í mú un padà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.